Afàyàfà Lójú Títì Inísà

Èmi kò fẹ́ràn mọ́tò. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ mọ́tò ló ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ohun tó máa gbé mi láti Òkukù lọ sí ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Inísà, tó sì máa gbé mi padà láìjẹ́ pé mo bá mẹ́káníìkì fa ọ̀rọ̀, òun ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin méjì ló wà nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, bàbá mi àti àbúrò mi, àwọn méjèèjì kò sì lè jẹun tán kí wọ́n má dárúkọ ẹ́ńjìnnì.

Irú mọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n ń jà lé lórí. Mọ́tò sípọ́ọ̀tì ni, onílẹ̀kùn méjì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn tó ń ṣe é á tún un ṣe, oríṣi tuntun á jáde, ti tẹ́lẹ̀ á sì di mọ́tò àwọn àgbà. Orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò wu àwọn mẹ́káníìkì Ìkìrun láti pè, ni wọ́n bá fún oríṣi kọ̀ọ̀kan lórúkọ tiwọn. Àkọ́kọ́ ni Ojú-Ọ̀pọ̀lọ́, torí pé iná iwájú rẹ̀ máa ń sùn sínú ara rẹ̀, àfi tí èèyàn bá tàn án ló máa ń yọ jáde sókè. Èkejì ni Ìdí-Pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta rẹlẹ̀ débi pé ọmọ adìyẹ ò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Afàyàfà ni wọ́n pe ìyẹn.

Bàbá mi ló ni Ojú-Ọ̀pọ̀lọ́. Tíṣà ni wọ́n, Inísà náà ni wọ́n ti kọ́ni títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, tó ń kó ẹrù rẹ̀ padà sí ìlú rẹ̀, ló tà á fún wọn ní ọ̀pọ̀ kí wọ́n tó bí àbúrò mi. Nígbà yẹn, ojú títì ṣì dán. Nígbà tó yá, ìlú kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ǹpù sójú títì kí àwọn onímọ́tò má bàa pa wọ́n lọ́mọ: bọ́ǹpù níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ǹpù níwájú mọ́ṣáláṣí, bọ́ǹpù níwájú ilé-ìwé. Kò sẹ́ni tó wọ̀n wọ́n. Ẹni tó bá ti rí sìmẹ́ńtì á kó o jọ, á gbé e ga bó ṣe wù ú. Bàbá mi gbé Ojú-Ọ̀pọ̀lọ́ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣe sípíríǹgì ní Ìkìrun, ó fi sípíríǹgì mọ́tò akẹ́rù sí i lábẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti dúró gàgàrà bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já ewé lórí igi. Eré rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n kò sí bọ́ǹpù tí kò gbà.

Ẹ̀yìn mọ́tò yìí ni àbúrò mi dàgbà sí. Nígbà tó ríṣẹ́ gidi l'Ékòó, Ìdí-Pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ rà. Ó gbé e wálé, ó fún Bàbá ní kọ́kọ́rọ́. Bàbá wà á yí ká ìlú, wọ́n padà dé, wọ́n ní, "Bíréékì rẹ̀ dáa." Ó parí. Àbúrò mi dúró, ó ń retí èyí tó kù, Bàbá ti ń bèèrè omi tútù. Kò pẹ́ tó fi ta Ìdí-Pẹ́pẹ́yẹ, ó fowó kún un, ó ra Afàyàfà. Ibẹ̀ ló ti wá yé mi pé ọmọkùnrin yìí kì í ra mọ́tò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá lẹ́nu Bàbá, pé tirẹ̀ dára ju tiwọn lọ. Mo bínú sí àwọn méjèèjì. Kí ló ń na Bàbá láti sọ ọ́?

Kérésìmesì ni Afàyàfà kọ́kọ́ dé Òkukù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún, kí èrò tó pọ̀ lójú títì, wọ́n ní àwọn máa dán mọ́tò méjèèjì wò láti ìparí Inísà títí dé ilé wa l'Ókukù. Bàbá àti Màmá wà nínú Ojú-Ọ̀pọ̀lọ́. Àbúrò mi ń fi àga iwájú tirẹ̀ pamọ́ de Bàbá, ni wọ́n bá fi èmi àti ìyàwó rẹ̀ há ẹ̀yìn Afàyàfà, níbi tí orúnkún mi ti kan àgbọ̀n mi.

Nígbà tí àbúrò mi tẹná, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga. Ẹ̀rọ kan wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tọ́bò, ó ń súfèé. Kọ́nà tí Bàbá máa ń dín jíà kù kí wọ́n tó gbà, àbúrò mi fi ọwọ́ kan gbà á, mọ́tò náà kò mì. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí Ojú-Ọ̀pọ̀lọ́ mọ́. Èmi tí mo ní mi ò fẹ́ràn mọ́tò, mo pariwo. Inú mi dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀.

La bá dé bọ́ǹpù àkọ́kọ́ ní àbáwọlé Òkukù. Àbúrò mi dúró. Ó ní, "Sísítà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀kalẹ̀, kó lè fúyẹ́. Bí ẹ bá jókòó sí i, abẹ́ ẹ̀ máa họ." Èmi, ìyá ọlọ́mọ, mo rá pálá jáde, ìyàwó rẹ̀ náà jáde, a dúró sẹ́bàá títì bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀. Ó ń rọra fẹ̀gbẹ́ gbà á, táyà kan lẹ́yìn èkejì, ni a gbọ́ ìró Ojú-Ọ̀pọ̀lọ́. Bàbá ò tiẹ̀ dẹ eré. Wọ́n gba orí bọ́ǹpù náà kọjá, wọ́n yọ orí síta, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará Èkó, ṣé ẹ ń gba atẹ́gùn ni?"

Àwọn ló kọ́kọ́ délé. Gbogbo àlejò tó wá kí wa lọ́jọ́ náà ló gbọ́ ìtàn yẹn. Bàbá á sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún bèèrè pé, "Mọ́tò tí èèyàn ń sọ̀kalẹ̀ fún, ta ló ń gbé ta?" Àbúrò mi ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Nígbà tó bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kó fi Afàyàfà gbé wọn jáde, wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn. Wọn ò wọ̀ ọ́ títí ó fi padà sí Èkó.

Ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn Àjíǹde, àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ tún wà nílé. Bàbá ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, gbogbo wa sì dúró tì wọ́n. Ọkàn wọn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu tẹ́lẹ̀, Ìkìrun sì ni dókítà tó ń tọ́jú wọn wà. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí wọ́n fi di àyà mú lórí àga, òógùn bo ojú wọn, wọn ò rí èémí fà dáadáa.

Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ Ojú-Ọ̀pọ̀lọ́ kúrò lára ìṣó. Àbúrò mi ní, "Sísítà mi, tèmi ló yá. Kí ẹ tó dé Inísà, a ti wà lọ́dọ̀ dókítà."

Mo ní, "Bọ́ǹpù ńkọ́?"

Ó ní, "Mo máa mọ bí mo ṣe máa ṣe é."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n wò mí, wọ́n wo àbúrò mi, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Tiẹ̀ ni kí ẹ gbé mi sí."

Mo fẹ́ bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n mo rí ojú àbúrò mi. Ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ rẹ̀ pé ó ṣe ipò kìíní ni. A gbé Bàbá síwájú, ìyàwó àbúrò mi bọ́ sẹ́yìn láti máa di èjìká wọn mú. Èmi àti Màmá tẹ̀lé wọn nínú Ojú-Ọ̀pọ̀lọ́.

Láàárín Òkukù sí Inísà, wọ́n pòórá mọ́ wa lójú. Màmá ń gbàdúrà, èmi ń fi ìbínú yí jíà. Nígbà tí a dé Inísà, mo rí Afàyàfà lókèèrè, ó dúró. Bàbá mi wà nílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ni. Ìyàwó àbúrò mi ti kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, abẹ́ mọ́tò ṣì ń ha sìmẹ́ńtì, ni Bàbá bá ṣí ilẹ̀kùn fúnra wọn. Wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ọmọbìnrin yẹn lọ́rùn, wọ́n ń rìn kọjá bọ́ǹpù lẹ́sẹ̀. Ìdajì Inísà ni wọ́n kọ́ níwèé. Àwọn èèyàn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì rí tíṣà wọn àtijọ́ pẹ̀lú ìyàwó ọmọ wọn lẹ́bàá títì, wọ́n rò pé wọ́n ń nasẹ̀ ni. "Ẹ kú ìrìn, sà!" "Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi, sà!" "Sà, ilé ńkọ́?" Bàbá mi, tí kò rí èémí fà, ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń mi orí. Wọn ò fo ẹnì kankan.

Mo fò jáde. Mo ní, "Bàbá, ẹ wá sínú tiwa! Ẹ jọ̀ọ́!"

Wọ́n ní, "Fi wá sílẹ̀." Wọ́n tún wọ Afàyàfà.

Bí a ṣe ń lọ nìyẹn. Tó bá rí títì gbọọrọ, ó sá lọ. Tí a bá dé ibi bọ́ǹpù, a bá wọn níbẹ̀, Bàbá nílẹ̀. Àbúrò mi ń sunkún lẹ́yìn sítíárì, mo rí i láti inú gíláàsì, ó ń fi apá nu ojú. Mo bú u nínú mi. Mo bú Bàbá náà, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń ṣàìsàn tó. Màmá nìkan ni kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ mi pé, "Jẹ́ kó gbé bàbá rẹ̀. Jẹ́ kó gbé bàbá rẹ̀."

Níbi tí a ti ń rí òrùlé Ìkìrun, Bàbá ò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Àbúrò mi gbé wọn gba orí bọ́ǹpù bẹ́ẹ̀. A gbọ́ ìró kan, irin ya. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dà sójú títì, ó dúdú, ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, tọ́bò súfèé díẹ̀, mọ́tò náà kú. Àwọn ọlọ́kadà bá wa gbé Bàbá sínú Ojú-Ọ̀pọ̀lọ́. Àbúrò mi há ara rẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú Màmá àti ìyàwó rẹ̀, ó fi ilẹ̀kùn Afàyàfà sílẹ̀ ní ṣíṣí sójú títì.

Mo ń wà á lọ. Bọ́ǹpù tó kù, mo gba orí wọn láìdúró. Bàbá na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n wá ọwọ́ àbúrò mi títí wọ́n fi rí i. Wọ́n ní, "Ó yá. Ó yá ju tèmi lọ." Wọ́n sinmi, wọ́n fa èémí. "Ó dára ju tèmi lọ."

Ohun tí àbúrò mi ti ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn, inú mọ́tò tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Bàbá mi kú lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Dókítà ní ọkàn náà ti rẹ̀ tipẹ́, pé bí a bá tiẹ̀ tètè dé, bóyá ni. Mo di "bóyá ni" yẹn mú. Àbúrò mi náà dì í mú, ṣùgbọ́n ìhà kejì rẹ̀ ló dì mú. Mo ti sọ fún un ju bí mo ṣe lè rántí lọ pé kì í ṣe òun. Á ní, "Mo ti gbọ́, Sísítà mi," á sì yí ojú síbòmíràn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní kí wọ́n fa Afàyàfà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin sípíríǹgì ní Ìkìrun, ẹni náà gan-an tó bá Bàbá ṣe tiwọn. Mo bá a lọ. Ọkùnrin náà wo abẹ́ rẹ̀, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá gbé e sókè, eré ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn o. Á kàn máa yẹ̀ ní kọ́nà ni. Kò ní ṣe bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ kó ṣe mọ́."

Àbúrò mi ní, "Ẹ gbé e sókè."

Nígbà tí ìrántí ọdún kan pé, ó fi Afàyàfà gbé èmi àti ìyàwó rẹ̀ láti Ìkìrun lọ sí Òkukù. Àwa méjèèjì há sẹ́yìn bíi ti Kérésìmesì yẹn. A fi àga iwájú sílẹ̀ lófo, kò sẹ́ni tó sọ pé ká ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́tò náà ti ga, ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ń yà wá sílẹ̀. Nígbà tí a dé bọ́ǹpù iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Inísà, mo ti tẹ̀ síwájú, mo ti na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ àga tó ṣófo yẹn, mo fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn.

Àbúrò mi ò wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ jókòó, Sísítà mi. Èèyàn kì í sọ̀kalẹ̀ fún un mọ́."

A gba orí bọ́ǹpù náà kọjá. Abẹ́ mọ́tò ò kan nǹkan kan.