Àwòrán Tí Honorine Fi Ọ̀bẹ Ha

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú kan náà ni ayàwòrán fi ń jẹun. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìyàwòrán ìjọba ní Paris kò gba obìnrin, tí àwọn ọkùnrin ń sọ fún Honorine Delmotte pé kó lọ máa ya òdòdó sára àwo, Ọ̀gá Barthélemy Rouvray nìkan ni kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mú un jáde sínú oòrùn létí odò Oise, ó ní kó wo òjìji igi dáadáa.

"Ṣé dúdú ni?"

"Rárá, Ọ̀gá. Búlúù ni."

Rouvray pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Nítorí pé ọmọge kì í dá jókòó ti ọkọ ọlọ́kọ, Madáàmù Zélie, ìyàwó Rouvray, máa ń bá wọn lọ sétí odò, a máa hun ìbọ̀sẹ̀, a sì máa pariwo lé wọn lórí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ọbẹ̀ ti tutù o! Àbí búlúù lẹ fẹ́ jẹ ni?"

Òfin kan ṣoṣo ni Rouvray ní. Ohun tí ojú kò bá rí, kò gbọdọ̀ wà nínú àwòrán. Ọ̀bẹ ni kí wọ́n fi ha á kí ọ̀dà tó gbẹ.

Rouvray kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí ikọ́ mú un, ó jókòó sábẹ́ igi píà, ó ní kí Honorine yà á. Inú Honorine dùn dé gongo. Àwòrán yìí ló fẹ́ gbé lọ síbi àfihàn tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń ṣe nígbà ìrúwé, òun náà ló sì máa kù sọ́wọ́ Zélie tí ọkọ rẹ̀ bá lọ.

Nígbà tó yà á tán, Rouvray sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà.

"Kí lo ṣe yìí? Níbo ni búlúù wà? Ojú mi pọ́n bí amọ̀!"

"Ọ̀gá, ó wà níbẹ̀ o. Ẹ wo abẹ́ fìlà yín."

"Èmi tí mo kọ́ ẹ ní búlúù, ìwọ lo fẹ́ wá fi hàn mí? Ha á kúrò jàre!"

Zélie la ẹnu, ó tún pa á dé. Ẹ má bú Honorine. Bí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ríran bá ní o kò ríran, ta lo máa gbà gbọ́? Ó mú ọ̀bẹ, ó ha gbogbo ojú náà kúrò, ó ní lọ́la òun á tún un yà.

Lọ́jọ́ kejì, Rouvray kò lè dìde mọ́. Láti orí ibùsùn ló ti ń bèèrè àwòrán náà ṣáá. Honorine gbé e wá ní ọ̀sán gangan, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun yà á bó ṣe dùbúlẹ̀ yẹn. Kó tó sọ̀rọ̀, Rouvray ti yíjú sí i. Nínú àwòrán náà, fìlà wà níbẹ̀, kóòtù wà níbẹ̀, ibi tí ojú yẹ kó wà ṣófo.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé o rí i báyìí? Búlúù ti dé. Èmi gan-an nìyí. Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Honorine wo Zélie. Zélie rọra mi orí, omijé ń bọ́ sórí ìbọ̀sẹ̀ tó ń hun. Ó ti pẹ́ tí ojú Rouvray kò ti rí nǹkan kan mọ́. Ó ti mú kí ìyàwó rẹ̀ búra pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ ṣé, Ọ̀gá," ni Honorine wí. Ìbànújẹ́ gbá a láyà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn nínú ohùn rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n sin Rouvray. Ìgbà ìrúwé dé, Honorine gbé àwòrán náà kọ́ síbi àfihàn bó ṣe wà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n.

"Omidan," ni ọkùnrin kan wí, "ìgbà wo lẹ máa wá parí ẹ̀?"

"Ó ti parí, sà. Ọ̀gá mi ti wò ó, wọ́n ní àwọn gan-an nìyẹn."

Zélie di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì dúró síbẹ̀, wọ́n ń sunkún.