Ẹnu Ọláìtán Lẹ́nu Ìyá Rẹ̀

Nígbà tí Àkàngbé wà láyé, ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé rojọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Muṣin. Bí ìwọ àti aládùúgbò rẹ bá jà, tí o sáré wá bá a, kò ní bi ọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Yóò ní, “Jókòó. Sọ ẹnu rẹ̀ ná.” Ìyẹn ni pé kí o kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ẹni tí ẹ jọ ń jà, bí ẹni pé ìwọ gan-an ni òun, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi mi orí, tí yóò ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo ń wí nìyẹn.” Bí kò bá tíì mi orí, o kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tìrẹ. Ta ni kò mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà? Ṣùgbọ́n Àkàngbé ní ọ̀rọ̀ adájọ́ nìyẹn, pé ti àwọn oníjà ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà ni kò dé ìdajì tí ẹ̀rín fi tú u ká, torí ẹni tó bá ń sín ọ̀tá rẹ̀ jẹ dáadáa, láìpẹ́ yóò rí i pé ọ̀tá náà ní ìdí.

Àkàngbé kú. Àríkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọláìtán, ló jogún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jogún àga, ó jogún òfin. Abọ́ tánganran ló ń tà ní ọjà Tẹjúoṣó ní Yábàá. Kò kàwé kọjá kíláàsì kejì. Bàbá rẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ pé owó ilé-ìwé tó wà nílẹ̀, ti ọmọkùnrin ni. Nítorí náà, lọ́dún 1979, nígbà tí ìjọba ológun ń palẹ̀ mọ́, tí àwọn olóṣèlú tún jáde, tí ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀ sì ní ọ̀fẹ́ ni gbogbo ọmọ yóò máa kàwé, Àríkẹ́ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó di tiwọn tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ti Ìmọ́lẹ̀ náà ni gbogbo àdúgbò. Onílé, ayálégbé, oníṣọ́ọ̀bù, onímọ́ṣáláṣí, oníṣọ́ọ̀ṣì, orin kan náà ni wọ́n ń kọ. Àfi Ọláìtán, àkọ́bí Àríkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ọjọ́ Àìkú kan ló wá kí ìyá rẹ̀, ó lẹ àmì ẹgbẹ́ kejì mọ́ àyà, àwọn tó ya ilé àti àgbàdo sára ìwé wọn.

“Kí ni eléyìí?”

“Ẹgbẹ́ mi ni, Màámi.”

“Kí ló ń jẹ àgbàdo, bí kò ṣe adìẹ?”

“Èèyàn náà ń jẹ ẹ́, Màámi.”

“Nílé Àkàngbé kọ́. Já a kúrò láyà, tàbí kí o jáde.”

Ó jáde. Nígbà tó dé ojú títì, ó yíjú padà, ó ní: “Tí ẹ bá ń ṣe ìrántí Bàbá, ẹ má wò mí lọ́nà o.”

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìrántí ọdún kan Àkàngbé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àkọ́bí ló ń jókòó sórí àga bàbá, tó ń kí àlejò káàbọ̀, tó sì ń ka Sáàmù. Bí àga náà bá ṣófo lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé ilé Àkàngbé ti tú. Àríkẹ́ ti sin ọkọ. Kò fẹ́ sin ọmọ tó ṣì ń mí.

Láti ọjọ́ náà, kò rí ìdí jókòó mọ́. Bó bá dé ọjà, yóò to abọ́ ńlá sísàlẹ̀, kékeré sókè. Kò ní pẹ́ yóò tú u, yóò tún un tò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Oníbàárà yóò béèrè iye abọ́, yóò dá a lóhùn pé, “Ọmọ tí mo bí!”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ro ẹjọ́ ọmọ yìí fún àwọn ayálégbé rẹ̀ méjì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ṣàfíù tó ń lu ara mọ́tò, àti ìyàwó rẹ̀ Ìdíátù tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì.

“Ó ní kí n má wo òun lọ́nà! Èmi! Torí àwọn alágbàdo!”

Ṣàfíù ń fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́. Kò gbójú sókè. “Ìyá, ẹ sọ ẹnu rẹ̀ ná.”

“Kí lo wí?”

“Ohun tí Bàbá ì bá wí ni mo wí o. Ẹ má bínú.”

Ìdíátù gbá a léjìká. “Ìwọ ọkùnrin yìí, ẹnu rẹ ni yóò lé wa jáde nílé onílé.”

Àríkẹ́ dìde. Ó jókòó. Ó tún dìde. “Kò burú. Èmi Ọláìtán, ọmọ Àkàngbé, ikùn mi ti tóbi ju orí mi lọ. Àwọn olówó ju àgbàdo sílẹ̀, mo sì ń ṣa á jẹ kiri—”

“Ìyá, èébú nìyẹn,” Ìdíátù wí, ẹ̀rín ti ń pa á. “Lọ́jọ́ tí èmi àti ìyá oníṣáágo jà, tí mo ní kí n sọ ẹnu rẹ̀, tí mo ní, ‘Èmi olójúkòkòrò yìí,’ ṣebí Bàbá ní kí n lọ mu omi wá, kí n tún bẹ̀rẹ̀?”

“Tèmi kò jọ tìẹ.”

“Ohun tí èmi náà wí lọ́jọ́ náà nìyẹn.”

Àríkẹ́ wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Ní ọjọ́ kejì, ó ń fọ abọ́, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. “Èmi Ọláìtán...” Ibẹ̀ ló ń dúró sí. Ọdún mélòó ló ti bí ọmọ yìí, kò sì mọ gbólóhùn tó kàn!

Kò mọ ohun tí yóò ṣe ju kó béèrè lọ. Obìnrin kan wá ra abọ́, ó wé gèlè tó ní àmì ilé àti àgbàdo. Tẹ́lẹ̀, Àríkẹ́ ì bá ní abọ́ ti tán. Ó fà á mọ́ra.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí lára àwọn èèyàn yìí?”

Obìnrin náà fura. “Ṣé ẹ fẹ́ bú mi ni?”

“Rárá. Mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ni.”

“Ẹ fẹ́ kọ́ kí ni?”

“Ẹnu yín.”

Obìnrin náà wò ó bí ẹni ń wo wèrè, ṣùgbọ́n ó jókòó. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun lọ sógun abẹ́lé, bàtà rẹ̀ nìkan ló padà dé. Ó ní látìgbà náà òun ti pinnu pé ẹgbẹ́ tí Hausa àti Ìgbò àti Yorùbá bá ti lè jọ jókòó ni òun yóò dìbò fún, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ ju kí wọ́n jókòó lọ. Àríkẹ́ gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó fẹ́ sọ pé, ilé-ìwé ńkọ́? Ó gé ètè jẹ.

Ẹni tó ń tà nítòsí rẹ̀, Làbákẹ́, aṣáájú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀ ní ìlà wọn, ti na etí. “Ìyá Ọláìtán, a gbọ́ pé ẹ ti ń kọ́ èdè adìẹ.”

“Mò ń kọ́ ọ.”

“Ẹ ṣọ́ra kó má lọ di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin.”

Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ń lọ sípàdé, wọn kì í dúró dè é mọ́. Ó ń dùn ún. Àwọn tó jókòó tì í nígbà tó ń ṣọ̀fọ̀ nìyí, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró.

Nígbà tó yá, ó pe Ṣàfíù àti Ìdíátù, ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sọ ẹnu Ọláìtán. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ ti ogun, ó sọ ti àjọjókòó. Ìdíátù pàtẹ́wọ́, ó mi orí títí gèlè rẹ̀ fi tú.

Ṣàfíù kò mi tirẹ̀. “Ó dùn, Ìyá. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnu Ìdíátù lẹ sọ, tó fi ń mi orí?”

Àríkẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹni tó ni ẹnu ló ń mi orí. Ìrántí ku ọ̀la. Ó mú ìborùn, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Rónkẹ́ ìyàwó Ọláìtán ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi wá. Ọláìtán dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì lọ dúró ti fèrèsé. Àríkẹ́ kò gba omi, kò jókòó.

“Mi ò wá bẹ̀ ọ́. Ẹnu rẹ ni mo wá sọ.”

Ojú Ọláìtán yí padà. Ọmọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lòun náà. Ó mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. “Ẹ sọ ọ́, mà.”

“Èmi Ọláìtán, mo kéré nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, mo rí ẹkún ní ilé onílé. Ẹgbẹ́ tí ará Sókótó àti ará Ẹnúgu àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ bá jọ wà nínú rẹ̀, kò ní rọrùn fún wọn láti yìnbọn lu ara wọn. Kì í ṣe torí owó. Kì í ṣe torí pé mo kórìíra ìyá mi.”

Rónkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀.

“Ó dára, Màámi. Kò pé.”

“Kí ló kù?”

“Ọjọ́ tí wọ́n wá Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wá sílé wa, níbo ni mo wà?”

Àríkẹ́ rántí. Ta ni yóò gbàgbé? Ìgbà wẹ́tì-ẹ̀ ni, tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sílé ẹni tí kò bá ṣẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ń ṣáná sí i. Ọ̀jẹ̀túndé aránṣọ wà ní ẹgbẹ́ tí àdúgbò kórìíra. Àkàngbé gbé e pamọ́ sẹ́yìn àgbá omi. Èrò dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú orin, Àríkẹ́ ní kò sí níbí, wọ́n sì kọjá lọ sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó ṣe máa ń pa ìtàn náà nìyẹn, ìtàn ìgboyà ọkọ rẹ̀.

“Abẹ́ tábìlì lo wà. O fi ọwọ́ dí etí.”

“Mi ò dí etí o, Màámi. Mò ń gbọ́ ohùn wọn. Mò ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.”

“Ohùn ta ni?”

“Ẹ̀yin lẹ ń sọ ẹnu mi. Ẹ̀yin lẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà.”

Àríkẹ́ fi ọwọ́ kan ògiri. Ó gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rí ojú wọn. Tíṣà ọmọ náà. Oníbúrẹ́dì tó máa ń fi èérún lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí jàǹdùkú kan níbẹ̀. Ó wá àga, ó jókòó.

“Èmi Ọláìtán,” ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, “ẹni rere ni gbogbo wọn. Mo fẹ́ràn wọn. Ohun tó ń bí wọn nínú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, kò wá sí ẹnì kan láàárín wọn tó lè ní kí wọ́n dúró. Torí náà, ẹgbẹ́ tí gbogbo àdúgbò mi bá ti wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo fẹ́ kí ẹnì kan dúró ní òdìkejì. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, kí n jẹ́ èmi.”

Ọláìtán mi orí. Ó tún mi orí.

“Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́,” Àríkẹ́ wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ohun tí mo ń wí nìyẹn.”

“Mi ò tíì gbà pẹ̀lú rẹ o.”

“Mo mọ̀.”

“Ìmọ́lẹ̀ ni màá dìbò fún.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Ó kàn ọ́. Sọ tèmi.”

Ọláìtán kúrò ní fèrèsé. “Èmi Àríkẹ́, mo wà nínú ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀ torí pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọjà—”

“Irọ́.”

“Torí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kí ọmọ tálákà lè—”

“Wọ́n kọ ìyẹn sára gbogbo ògiri Muṣin. Ṣé ẹnu ògiri ni mo ní kí o sọ?”

Rónkẹ́ fi ìró bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọláìtán rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó jọ ìyá rẹ̀ nígbà tó ń fọ abọ́, tí ẹnu ń ṣí tó ń pa dé. Àríkẹ́ dìde, ó mú ìborùn rẹ̀.

“Mò ń lọ. Iṣẹ́ pọ̀ nílé.”

“Màámi, ẹ dúró, mi ò tíì sọ ọ́ tán.”

“Mi ò lè dúró. O mọ ibi tí mò ń gbé.”

Lọ́jọ́ kejì, kí àlejò tó dé, Ọláìtán ti jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Làbákẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n rí i, wọ́n fojú gún ara wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dáhùn, kò tọkàn wá. Láàárín àlejò kan sí èkejì, ó ń tẹ̀ sétí ìyá rẹ̀.

“Ṣé torí àwọn àbúrò mi ni?”

“Rárá.”

“Ṣé torí Bàbá?”

“Àkàngbé kò bá mi yan ẹgbẹ́ rí. Àlejò ń bọ̀, dìde.”

Ó dìde, ó kí wọn, ó jókòó. Oníwàásù ní kí àkọ́bí ka Sáàmù. Ọláìtán gba Bíbélì, ó wá ojú ìwé náà, ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: “Màámi, ẹ jẹ́ kí n wá lọ́la. Mo fẹ́ tún un gbìyànjú.”

“Kàwé, èèyàn ń dúró dè ọ́,” Àríkẹ́ wí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Wá ní àárọ̀. Mi ò ní tètè lọ sọ́jà.”