Ọmọ́nlé Mẹ́rin Láti Sakété

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará ẹ̀yìnkùlé mi níhìn-ín ní Pọ́bẹ̀ ń rẹ́ ilé tuntun wọn, òórùn símẹ́ǹtì tútù sì gba ojú fèrèsé wọlé bá mi níbi tí mo ti ń bó ẹ̀pà. Ọwọ́ mi dúró. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé òórùn epo alùpùpù nìkan lẹ mọ̀. Òórùn a máa mú arúgbó rìnrìn àjò láìdìde lórí àga. Kí n tó mọ̀, mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́wàá, igbá olómorí kan wà lórí itan mi, ọmọ́nlé mẹ́rin wà nínú rẹ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gbéra láti Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, tó ń gba Sakété kọjá, tó wá ń parí ìrìn rẹ̀ sí Pọ́bẹ̀ wa yìí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ ìjọba. Ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta, símẹ́ǹtì láti ìsàlẹ̀ dókè, páànù tó ń kọ mànà lórí rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Ṣùgbọ́n Sakété ni wọ́n bí mi sí, ọwọ́ ìyá tó bí bàbá mi ni mo sì dàgbà sí, títí mo fi pé ọmọ ọdún méje tí wọ́n mú mi wá sí Pọ́bẹ̀ wá kàwé. Ìyá àgbà la máa ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú, ó ta aṣọ lọ́jà Sakété títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi bò, tó jẹ́ pé òjìji lásán ló ń rí.

Ilé rẹ̀ ní Sakété, ilé alámọ̀ ni, èéfín ti sọ àjà rẹ̀ di dúdú, ọmọ́nlé sì kún ibẹ̀ bámúbámú. Nírọ̀lẹ́, bí a bá ti tan fìtílà, ọ̀kan nínú wọn á ké lókè: tọ̀-tọ̀-tọ̀-tọ̀. Ìyá àgbà á ní, "Ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn," á sì nawọ́ sí omi àlùwàlá rẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wí fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kórìíra ọmọ́nlé, wọ́n ní májèlé ni. Òun a máa fèsì pé májèlé tó ń bá òun jẹ ẹ̀fọn lọ́fẹ̀ẹ́ kò ṣẹ òun.

Ọdún kan, òjò wó ògiri yàrá rẹ̀. Bàbá mi lọ mú un wá sí Pọ́bẹ̀ tipátipá. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sùn, àfi bí mo ṣe rí i pé Ìyá àgbà kò tú ẹrù rẹ̀. Ó jókòó ti ẹrù náà ní dídì, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ìyá mi á gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, Ìyá àgbà á bù ú lẹ́ẹ̀mejì, á ní òun ti yó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á máa béèrè pé, "Ṣé ilẹ̀ ti ṣú? Ẹ sọ fún mi o, ilé yín yìí kì í fọhùn." Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri bàbá mi kò lanu níbì kankan, òun gan-an ló sì fi ń yangàn.

Èmi ni mo gbèrò pé màá lọ kó àwọn ọmọ́nlé náà wá. Ẹni tó bá gbọ́n nínú yín á ní ọmọ́nlé á wá fúnra rẹ̀ bó bá yá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìgbà wo? Èmi kì í ṣe onísùúrù nígbà náà, n kò sì tíì dà á báyìí. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ lọ wo ilé tó wó náà, mo sunkún títí ó fi mú mi dání. Ẹ̀gbọ́n mi Bàṣírù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Sakété, ló bá mi mú wọn. Aṣọ rírọ̀ ló fi ń bò wọ́n mọ́ ara ògiri. Ó ń pariwo lé mi lórí pé, "Má fa ìrù ẹ̀ o! Bó o bá fà á, ìrù lásán ló máa fi lé ẹ lọ́wọ́!" Mo fa ọ̀kan. Ìrù náà já, ó ń jó lórí ilẹ̀, mo sì figbe ta.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, ìyá oníṣu kan tó há mọ́ wa bi mí pé, "Ọmọ, kí ló wà nínú igbá yẹn?" Mo ní, "Ọmọ́nlé ni, mà." Yéè! Ẹ wá wo ariwo. Ìyá náà gbé iṣu rẹ̀, ọkọ rẹ̀ gbé àgùntàn, gbogbo ìjókòó náà ṣófo, èmi àti bàbá mi sì na ẹsẹ̀ wa títí dé Pọ́bẹ̀ bí ẹbí kọ̀mándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa tẹ́lẹ̀. Mo rí bàbá mi tó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

Ìgbà tí mo gbé igbá náà sí ọwọ́ Ìyá àgbà, tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń họ ara igbá, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé. Ó ní, "Ọkọ mi, o kó ẹlẹgbẹ́ mi wá bá mi. O ṣeun. Ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹun, wọn ò sì ní ké. Ohun tó bá ti dàgbà sára ògiri kan, a kì í ṣí i nípò."

Mo ní, "Tí wọ́n bá jẹun ńkọ́, Ìyá àgbà?"

"Tí wọ́n bá jẹun, tí wọ́n sì ké kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó kọjá, n ó tú ẹrù mi. Bí wọn ò bá ké, ẹ ó fi mí sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì Jímọ̀, kí n lọ kú sílé mi."

Bàbá mi ní, "Ìyá, ilé wo? Ògiri rẹ̀ ti wó."

"Èyí tó ṣẹ́kù."

Ọ̀rọ̀ di tèmi. Jímọ̀ ku ọjọ́ méje. Mo fi wọ́n sínú igbá, mo da òmorí dé wọn, mo sì ń ṣí i wò nígbà mẹ́wàá lóòjọ́. Mo fún wọn ní ẹ̀kọ. Mo fún wọn ní àkàrà, mo fún wọn ní orí ẹja gbígbẹ, mo tilẹ̀ bu omi ọbẹ̀ sí i. Mo pa eṣinṣin, mo tò wọ́n sílẹ̀ bí ẹni ń ta ọjà. Wọ́n kàn ń wò mí ni, pẹ̀lú ojú tí kì í ṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá ọ̀kan tó ti dojú sókè, ó ti kú. Mo gbé e lọ́wọ́, mo sì sunkún wọ yàrá Ìyá àgbà.

Mo rò pé á ní, "Mo ti wí." Kò wí bẹ́ẹ̀. Inú bí i ni. "Ẹ̀kọ? Ta ló ń fún ọmọ́nlé lẹ́kọ? Ohun tí kò bá mira kì í ṣe oúnjẹ lójú rẹ̀! Ìwọ náà, bí wọ́n bá dé igbá mọ́ ẹ lórí, tí ẹnì kan ń ṣí i wò ní gbogbo ìgbà, ṣé o máa jẹun?" Ó wá kọ́ mi. Ó ní kí n gba ẹní àtijọ́ tó bá a wá láti Sakété, èyí tí òórùn èéfín ṣì wà lára rẹ̀, kí n gbé e kọ́ ara ògiri yàrá òun, kí n sì tú àwọn mẹ́ta tó kù sẹ́yìn rẹ̀. Kí n máa wọ́n omi díẹ̀ sára ògiri láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí pé omi tó bá ń ro ni wọ́n ń lá. Kí n gbé àtùpà súnmọ́ ògiri, àfòpiná á fẹsẹ̀ ara wọn wá. "Kí o sì gbójú rẹ kúrò lára wọn. Ohun tí wọ́n bá ń wò báyìí kì í lè gbé oúnjẹ mì."

Mo ṣe gbogbo rẹ̀, àfi ti ojú yẹn ló ṣòro. Mo máa ń dẹ̀yìn kọ ògiri, màá wá máa wo ojú ìgò àtùpà bóyá mo lè rí òjìji wọn níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàrùba, tó ku ọjọ́ méjì kí Jímọ̀ pé, kékeré tí mo já nírù yọrí lẹ́bàá ẹní. Ó dúró. Àfòpiná kan bà sára ògiri. Pákáń! Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ kan ṣì ń gbọ̀n níta. Mo fò sókè, mo sáré jáde lọ bá Ìyá àgbà: "Ó jẹun! Ìyá àgbà, ó jẹun!"

Ó ní, "Ó káre. Ṣùgbọ́n jíjẹ lọ̀tọ̀, kíké lọ̀tọ̀. Ẹlẹ́wọ̀n náà ń jẹun. Ẹni tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ ló ń fọhùn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì dé, kò sí èyí tó fọhùn. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nípa owó ọkọ̀, ohùn rẹ̀ wúwo. Mo ro ilé alámọ̀ yẹn tí kò ní ògiri lápá kan, mo ro ìyá mi àgbà tó ń fọwọ́ tálẹ̀ nínú rẹ̀ láti wá omi, n kò sì lè fara dà á. Mo lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo fi ahọ́n kan àjà ẹnu: tọ̀-tọ̀-tọ̀-tọ̀. Ọ̀fìnkìn ń dà mí láàmú, ikọ́ gbé mi láàárín, mo fún un pa sínú aṣọ, mo sì parí rẹ̀: tọ̀-tọ̀.

Tẹ̀sùbáà tó ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ dákẹ́. Ó wá pe ìyá mi: "Ìyàwó, gbé ẹrù mi wá, kí a tú u. Ó ti ké."

Wọ́n tú u: ìró mẹ́fà, ìgò tìróò, odó kékeré tó fi ń gún ata. Ó jẹ odidi ẹ̀kọ méjì pẹ̀lú ẹja. Bàbá mi jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ fun imú rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó wọlé.

Ẹ gbọ́, irọ́ dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ti di iṣẹ́. Nítorí pé bí ọmọ́nlé bá ké lónìí tí kò ké lọ́la, kí la fẹ́ wí? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa ṣeré lójúde nírọ̀lẹ́, èmi á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá máa fi ahọ́n kan àjà ẹnu bí ọmọ tí orí rẹ̀ kò pé. Ahọ́n mi bó. Ìyá mi bi mí bóyá inú ń run mí. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́ pé àṣírí á tú, pé Ìyá àgbà á tún di ẹrù rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ìbínú.

Ọjọ́ kọkànlá, mo jókòó lẹ́sẹ̀ Ìyá àgbà, mo ń jẹ àgbàdo sísun, ẹnu mi kún. Mo ń rò ó pé bí mo bá jẹ ẹ́ tán, màá dìde lọ síbi iṣẹ́ mi. Ìgbà náà ni ògiri fọhùn lẹ́yìn ẹní: tọ̀-tọ̀-tọ̀-tọ̀-tọ̀! Ó ké kíkankíkan, ó ju tèmi lọ fíìfíì. Mo gbé àgbàdo mì láìrún un.

Ìyá àgbà nawọ́, ó fọwọ́ pa mí lórí. "Ẹ̀n-ẹ́n. Òun fúnra rẹ̀ nìyẹn. O kú iṣẹ́, ọkọ mi, wá lọ sinmi."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tiẹ̀ pé ogúnjọ́. Mo ní, "Ìyá àgbà, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ́nlé wo lo rí rí tó ń wúkọ́?"

Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì gbọ̀nà ibẹ̀ wọlé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wí, kí ló dé tí kò wọkọ̀ lọ. Ó ní, "Àwọn ọmọ́nlé Sakété ké fún ọdún gbọgbọrọ, kò sí èyí tó ké nítorí tèmi nínú wọn. Ẹ̀fọn ni wọ́n ń wá." Ó ní kí n bu omi àlùwàlá wá.

Ó gbé nílé símẹ́ǹtì yẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé, èmi náà ti ń bímọ nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin ti dákẹ́, koríko ti bo irin rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó símẹ́ǹtì láti Onigbolo ló ń mi ilẹ̀ lábẹ́ wa báyìí. Ẹ̀yin ń fọ́n oògùn pa ọmọ́nlé, ẹ wá ń sùn nínú ẹ̀fọn. Ìyẹn kàn yín. Èmi ti fi ẹ̀kọ́ Ìyá àgbà gba ìyàwó ọmọ mi mẹ́ta wọlé, mo sì fi gba àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi: màá fún wọn níbi tí wọn ó fi ara pamọ́ sí, màá gbé ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n jẹ sílẹ̀, màá sì gbójú mi kúrò. Kò sí èyí tí kò fọhùn nígbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló máa ń mú ọwọ́ mi dúró. Ohun tí mo máa ń rò ni ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì yẹn. Ìyá àgbà mi jókòó sórí ibùsùn, ó gbọ́ ikọ́ ọmọdé lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mọ̀ dájú pé kò sí ọmọ́nlé kankan tó ké, ó sì ní kí wọ́n gbé ẹrù òun wá kí wọ́n tú u.