Òṣùwọ̀n Méjì fún Orúkọ Àbúrò Mi

Tí ó bá ti di ọ̀sán Sátidé, ẹ má gbé aṣọ gidi fún mi rán. Ọwọ́ mi lè wà lórí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ mi lè máa tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Mo ti rán apá ọ̀tún mọ́ èjìká òsì rí fún ìyàwó àlùfáà kan. Obìnrin náà wò mí títí bí ẹni pé orí mi kò pé. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Old Garage ní Òṣogbo. Àtàárọ̀ ni àwọn tó ń pe èrò máa ń lọgun, "Iléṣà! Iléṣà kan ṣoṣo!" Bí wọ́n bá ti pè é báyìí, àyà mi á já, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ni bàbá mi wà, tó dúró sórí àpáta pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, tó ń retí kí orúkọ àbúrò mi jáde.

Àbúrò mi yìí ni àbíkẹ́yìn ilé wa. Bọ́ọ̀lù ló gbé e lọ sí òkè òkun. Kì í ṣe irú ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Òṣogbo ń wọ ẹ̀wù rẹ̀ káàkiri o. Ẹgbẹ́ kékeré ni, ní ìlú kékeré kan tó tutù, tí ahọ́n mi kò tíì lè pe orúkọ rẹ̀ tán títí dòní. Bàbá mi ní tirẹ̀ ń dáko kòkó àti obì nítòsí Iperindo, ó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó wà ní abúlé wa. Kò mọ òfin bọ́ọ̀lù kankan. Ohun tó mọ̀ ni pé bí ọmọ náà bá pè, kò ní ju gbólóhùn kan lọ, "Dáadáa ni mo wà, bàbá," tí ìlà á sì já.

Bàbá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ọ̀rọ̀ dáadáa yẹn ti sú òun. Ó ní, "Gbogbo ẹni tí ìyà ń jẹ ló máa ń sọ pé dáadáa ni. Wá ohun tí mo lè fi ojú ara mi rí fún mi."

Bí èmi tí bọ́ọ̀lù kò kàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá áàpù bọ́ọ̀lù kiri nìyẹn. Mo béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì rí i pé oúnjẹ kálukú lọ̀tọ̀. Awakọ̀ kan tó máa ń gbé ṣòkòtò wá fún mi ní èyí tó bá yára jù lọ ni òun ń fẹ́, èyí tó máa dún kí tẹlifíṣọ̀n tó fi góòlù hàn, kí òun lè kọ́kọ́ pariwo. Ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun kò fẹ́ ariwo, kí ó ṣáà má jẹ dátà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní bí kò bá ti ní fídíò, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Ọkùnrin kan tí mo ń rán aṣọ ọdún fún wá ní èyí tó lè sọ ẹni tó máa borí lọ́la ló dára. Mo wò ó, mo rí i pé tẹ́tẹ́ ló ti gba ojú rẹ̀.

Èmi kò wá èyíkéyìí nínú gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ tí ayé kò mọ̀ ni mo ń wá, àti orúkọ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Mo ń fa áàpù sórí fóònù, mo ń yọ wọ́n kúrò. Ọ̀kan ń bi mí ní ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù àti ibi tí mo ń gbé, bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi. Òmíràn mọ gbogbo egbò tí ń bẹ lára àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ orúkọ ẹgbẹ́ àbúrò mi, ńṣe ni yóò fún mi ní ojú ìwé òfìfo. Mo bú fóònù náà. Mo tún wá òmíràn. Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn èyí kan, mo sì fi í sórí fóònù bàbá pẹ̀lú ìkánjú nígbà tó wá kí mi, láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá pè mí.

"Obìnrin kan ń bẹ nínú fóònù yìí tó ní kí n wá ta tẹ́tẹ́. Ìjọ gbọ́ ọ. Àlùfáà gbọ́ ọ."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Màá wá yọ ọ́."

Nígbà tí mo rí èyí tó dára níkẹyìn, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Iperindo. Áàpù náà kò rẹwà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kò sí obìnrin onítẹ́tẹ́ nínú rẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì díẹ̀ tó kàn ń mí lásán tó fún un, ó sì mọ ẹgbẹ́ àbúrò mi. Orí àpáta tí bàbá ti ń sá kòkó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń wọlé ní abúlé náà. Ibẹ̀ la dúró sí, tí òórùn kòkó gba imú wa kan, tí mo ń fi ìka bàbá tẹ ibi tó yẹ. Orúkọ àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ eré jáde. Àbúrò mi kò sí níbẹ̀. Mo fa ojú ìwé náà sókè díẹ̀, mo rí i láàárín àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ó jókòó ni?" bàbá bi mí.

"Ó jókòó, bàbá. Wọ́n lè pè é wọlé tó bá yá."

"Kí ó jókòó. Ẹni tí wọ́n bá yàn pé kó jókòó, ara rẹ̀ le nìyẹn."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá kò bìkítà ẹni tó jẹ góòlù. Wọ́n lè na ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ bí ẹni na bàrà, kò kàn án. Bí ó bá ti rí orúkọ ọmọ rẹ̀, á pè mí, á ní, "Ó wà níbẹ̀," á sì pa fóònù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ara mi á tó balẹ̀, tí màá lè rán aṣọ bí ènìyàn.

Sátidé kan dé tí fóònù mi kò dún. Mo ṣí áàpù tèmi, mo wo àwọn tó bẹ̀rẹ̀, mo wo orí bẹ́ǹṣì. Kò sí i. Mo pa á, mo tún un ṣí. Nígbà tí bàbá pè, ọ̀rọ̀ kan ni ó sọ: "N kò rí i." Ní Sátidé kejì, kò sí i. Ní ìkẹta, mo ti ń ṣí i láti ìdájí, kí àwọn olóyìnbó tó jí, mo mọ̀ pé kò lè tíì sí nǹkan kan níbẹ̀, síbẹ̀ mò ń tẹ̀ ẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó dá mi lóhùn: "Dáadáa ni mo wà, Àǹtí mi. Ẹ bá mi kí bàbá." Inú bí mi dé ibi pé mo fẹ́ fi fóònù lu ògiri. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ni ó kọ́kọ́ máa ń wá nínú tèmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé ojú sókè, mo rí bàbá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Eruku ọ̀nà wà lára fìlà rẹ̀, ó di obì sínú ọ̀rá kan lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Kò jókòó, ó na fóònù sí mi.

"Gbé e sórí òṣùwọ̀n mìíràn," ó ní.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ àgbẹ̀ kòkó lè má mọ ohun tó ń sọ. Ní àdúgbò wa, kò sí àgbẹ̀ tó ń gba òṣùwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo gbọ́. Ẹni tó ń ra kòkó lè ti fi ọwọ́ yí tirẹ̀. Nítorí náà, àgbẹ̀ á kọ́kọ́ gbé àpò rẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n ẹlòmíràn, kí ó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á. Bí méjèèjì bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ó gbà. Bí wọn kò bá bára mu, á ru àpò rẹ̀ padà. Nínú ọkàn bàbá mi, ọmọ rẹ̀ kò kúrò níbi kankan. Áàpù ló ń rẹ́ òun jẹ.

"Bàbá, bọ́ọ̀lù kì í ṣe kòkó," mo ní.

"Òṣùwọ̀n ni òṣùwọ̀n ń jẹ́. Gbé e sí i," ó ní.

Mo fa áàpù mìíràn sórí fóònù náà. Kò sí orúkọ àbúrò mi níbẹ̀. Bàbá ní kí n tún wá òmíràn. Mo fa ìkẹta, ìyẹn èyí tí mo ti kọ́kọ́ kọ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó kún fún ohun tí mi ò nílò. Ojú ìwé kan wà nínú rẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ orúkọ àbúrò mi. Fọ́tò rẹ̀ jáde, ó ti rù. Àmì àgbélébùú pupa kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Bàbá ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

"Àmì tí ń bẹ lára ọkọ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn."

Mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Orúnkún ni." Bàbá jókòó wàyí, lórí àpótí tí àwọn oníbàárà mi ń jókòó lé. Lóde, wọ́n ṣì ń pe Iléṣà.

Ó ní kí n pè é. Àbúrò mi gbé e. Kí ó tó sọ̀rọ̀ dáadáa rẹ̀ tán, bàbá ti gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Orúnkún wo ni?"

Ẹkún ni a gbọ́, ẹkún ọkùnrin tó ti dàgbà, tó ti ń pa á mọ́ra láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní òsì ni. Ó ní wọ́n ti là á. Ó ní òun ń retí kó jinná kí a tó mọ̀, kí bàbá má baà máa gun àpáta pẹ̀lú ìrònú.

Mo ti ń pèsè èébú tí màá bú u sílẹ̀. Bàbá kò bú u. Ó bi í pé, "Ta ló ń fi omi gbóná jó o fún ọ?"

"Kò sí ẹnìkan, bàbá."

Bàbá fi ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, Ìjẹ̀ṣà ló kù lẹ́nu rẹ̀. "Ulé ń bẹ níbí o, ọmọ mi. Bí uṣẹ́ náà bá bọ́, ulé kò bọ́." Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ. Èmi kò lè dúró, n kò lè jókòó. Mo bọ́ síta ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún mi níbẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́kọ̀.

Kí bàbá tó padà sí abúlé, ó ní kí n yọ gbogbo áàpù yòókù kúrò, kí n fi èyí tó ní àmì pupa nìkan sílẹ̀. Mo rò pé kò ní fẹ́ máa rí i. Ó ní ọjọ́ tí àmì náà bá kúrò lòun fẹ́ fi ojú ara òun rí. Àbúrò mi ti ń pè é fúnra rẹ̀ báyìí láràárọ̀ Sátidé, wọ́n sì máa ń pẹ́ lórí ẹ̀. Síbẹ̀, bó bá di ọ̀sán, bàbá á gun àpáta. Ohùn ọmọ ni òṣùwọ̀n kan, ó ní, àmì yẹn sì ni èkejì.

Ní Sátidé tó kọjá, fóònù dún níbi tí mo ti ń tú apá aṣọ tí mo rán sódì.

"Àmì yẹn ṣì wà níbẹ̀," bàbá sọ. "Ṣé o rí i níbi tìrẹ náà?"

"Mo rí i, bàbá. Ó ṣì wà."

"Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò tiro mọ́."

Kò pa fóònù bó ti máa ń ṣe. Mò ń gbọ́ ọ lórí àpáta, tó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó rẹ̀ padà kí oòrùn lè kàn án dé ìsàlẹ̀. Mo gbé aṣọ náà lé itan mi, èmi náà kò pa fóònù.