Òórùn Ẹran Iléyá Tí N Kò Gbọ́

Òórùn sìpíríìtì ló máa ń kọ́kọ́ kí mi láàárọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹ̀run ní títì Táíwò n'Ílọrin. Kí n tó gbálẹ̀, kí n tó tan kílípà, tí mo bá ti ṣí ìgò yẹn báyìí, á gún mi nímú, oorun á sì dá lójú mi. Láàárọ̀ Iléyá ọdún Kòrónà, mo ṣí ìgò náà, n kò gbọ́ òórùn kankan. Mo gbé e sún mọ́ imú, bí ẹni gbé omi dání ni. Mo rò pé ẹni tó tà á fún mi ti bu omi là á. Mo da díẹ̀ sínú ìdérí, mo ṣáná sí i. Ó gbiná. Iná búlúù, tó ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìpariwo, mo sì dúró tì í títí ó fi kú.

Mo mọ ohun tó jẹ́. N kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n rédíò ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé ẹni tí imú ẹ̀ bá ṣàdédé kú, kó jókòó sílé. Àmọ́ ta ló fẹ́ jókòó sílé lọ́jọ́ Iléyá? Mo dé ìgò náà, mo kó irinṣẹ́ mi sínú báàgì, mo lọ kírun.

Wọ́n ti ní ká má kóra jọ sí Yìdí lọ́dún náà. Àwa ládùúgbò tẹ́ ẹní sójú títì, a tò, èjìká kan èjìká. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí ìbomú lẹ́nu mi, ó ní, "Onígbàjámọ̀, ta lò ń sá fún? Kòrónà ò mọ̀nà Ìlọrin." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fà á sísàlẹ̀ àgbọ̀n. Nígbà tí a kírun tán, tí a ti dì mọ́ra, tí wọ́n ti ń pa àgbò tí wọ́n ń wi ín, èéfín gba àdúgbò kan. Ó ń ta mí lójú, omi ń bọ́, ṣùgbọ́n kò lóòórùn. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ. Mò ń rí irun àgbò tó ń jó, mò ń gbọ́ bí ọ̀rá ṣe ń ta nínú iná, imú mi sì ṣófo. Àfi bíi pé mo ti kú tí n kò mọ̀, tí wọ́n wá fún mi láyè kí n padà wá wo bí ọdún ṣe ń lọ.

O ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ pa àgbò kì í gé irun látìgbà tí oṣù bá ti lé, àfi tó bá pa á tán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán Iléyá fi máa ń dí fún àwa onígbàjámọ̀, ìdí nìyẹn náà tí Alfa tó kọ́ mi ní kéwú fi máa ń retí mi lọ́dọọdún. Bàbá ti dàgbà gan-an. Látìgbà tí àrùn náà ti dé ni wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́rí. Ọmọ wọn obìnrin, tí a jọ ké kéwú, nìkan ló ń wọlé tọ̀ wọ́n. Àmọ́ wọ́n ti pè mí lórí fóònù, wọ́n ní, "Ìwọ nìkan ni mo máa ṣílẹ̀kùn fún."

Mo kan ilẹ̀kùn. Mò ń gbọ́ èémí èèyàn lẹ́yìn ẹ̀. Ohùn Bàbá jáde, bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Alfa. Ẹ kú ọdún o."

"Ṣé ara ẹ dá?"

Ilẹ̀kùn ṣì wà láàárín wa. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí láti sọ pé imú mi ti kú.

"Alihamudulilahi, Alfa. Ara dá."

Kọ́kọ́rọ́ yí. Irun Bàbá ti kún, ó funfun bí òwú. "Orí mi ti di igbó," wọ́n ní, "wò ó dáadáa, o lè bá ọ̀yà níbẹ̀." Lẹ́yìn náà wọ́n tọ́ka sí ẹnu mi. "Yọ nǹkan yẹn jàre. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú èèyàn gbẹ̀yìn." Mo yọ ọ́. Mo tẹ̀ sún mọ́ wọn, mò ń fá orí wọn, mo sì ń rí i bí èémí mi ṣe ń mi irun wẹ́wẹ́ tó wà lọ́rùn wọn. Ọmọ wọn ń dín ẹran lẹ́yìnkùlé. Bàbá fa imú, wọ́n di ojú. "Ẹran yẹn ń ta sánsán, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa. Ó ń ta sánsán."

Kò pẹ́ sígbà náà tí ikọ́ mú wọn. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò fún Kòrónà kí wọ́n tó jáde láyé. Nígbà tí àwọn ọkùnrin gbé òkú náà kọjá níwájú mi, òórùn káńfọ̀ àti tùràrí gún mi nímú lójijì, ó le, ó tutù. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ẹ̀ láti àárọ̀ Iléyá nìyẹn. Àwọn èèyàn ń sunkún, èmi dúró, mò ń fa imú bí ẹni tí ebi ń pa. Mo mọ bí orí wọn ṣe rí lábẹ́ aṣọ funfun yẹn. Ó ń dán. Èmi ni mo fá a.

N kò lè búra pé èmi ni mo kó àrùn náà ràn wọ́n. Ọmọ wọn náà ń lọ ọjà, ó ń bọ̀. N kò sì lè búra pé èmi kọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé lọ́dọọdún ni ọmọ wọn yìí máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé èmi ni mo fún Bàbá láyọ̀ gbẹ̀yìn. Iléyá tó kọjá, mo lọ kí i. Ó gbé ẹran síwájú mi, ó ní kí ni Bàbá ń bá mi sọ lọ́jọ́ yẹn.

"Wọ́n ní ẹran tí ò ń dín ń ta sánsán."

Ó rẹ́rìn-ín. "Iyèré ni mo fi sí i. Ìwọ náà gbọ́ ọ nínú yàrá lọ́hùn-ún?"

"Rárá," mo ní. "N kò gbọ́ òórùn kankan lọ́jọ́ yẹn. Láti àárọ̀."

Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí ojú ẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀rín. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí. Ó gbé àwo ẹran náà kúrò níwájú mi, ó gbé e wọlé, kò sì jáde mọ́ títí mo fi lọ.

Kòrónà mọ̀nà Ìlọrin. Ilé Bàbá ni kò mọ̀, ohùn mi ló sì jọ pé ó yá lò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Mo pe irọ́ tí mo pa ní ọ̀wọ̀ nígbà náà, pé n kò fẹ́ já àgbàlagbà kulẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí ọdún má lọ láìsí mi. Títí dòní, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sórí àga mi, mo máa ń ṣí ìgò sìpíríìtì yẹn, màá gbé e sí imú. Tó bá ti gún mi báyìí, màá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ Bàbá tó ń yí.