Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Lè Gbé Ìyàwó Mi

Inú ṣì ń bí mi. Ẹsẹ̀ ń dun ìyàwó mi, kò lè rìn dé oko kajú wa mọ́, la bá lọ sí ìlú Bassila láti ra kẹ̀kẹ́ tó ń gun òkè. Méjì péré lagbára wa ká: pupa kan tó ní rẹ̀sọ́, ìyẹn sípíríǹgì tó ń tẹ̀ tó sì ń dìde, níwájú àti láàárín, àti dúdú kan tí kò ní rẹ̀sọ́ rárá. Pupa ló wọ̀ mí lójú. Ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Rẹ̀sọ́ tẹ̀, kò dìde mọ́, táyà wá ń ha irin.

Ọ̀gá tó ń tà á ní, "Bàbá, kẹ̀kẹ́ ò lábùkù. Ìyàwó yín ló wúwo."

"Kẹ̀kẹ́ tó ń gun òkè ni kò lè gbé èèyàn kan?"

"Òkè kì í jókòó lé kẹ̀kẹ́, Bàbá."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú mi pọ́n. Mo fẹ́ bínú kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti jókòó sẹ́yìn dúdú, kẹ̀kẹ́ náà kò sì mì. Òun la rà.

Títí dé Manigri lọ́nà ilé ni mo ń bú ọkùnrin náà bí mo ṣe ń wa kẹ̀kẹ́, tí mo ń mí gúlegúle.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bú u dáadáa," ni ìyàwó mi wí lẹ́yìn mi. "Bí inú bá ń bí yín lẹ máa ń sáré."