Ohun Tí Màmá Ń Bá Mi Sọ

Onínú fùfù ni mí. Ó yá kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Láti Èkìtì ni mo ti wá ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan létí ọ̀sà, kò jìnnà sí Iworo. Mo mọ iṣẹ́ mi dunjú. Èdè Ègùn ni n kò gbọ́, Ègùn sì ni púpọ̀ nínú àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ń sọ. Ìyá àgbà kan ládùúgbò, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń bá mi túmọ̀.

Kò sẹ́ni tó gba Màmá síṣẹ́. Ẹja ni wọ́n ń yan tà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú wọn kò gba èéfín mọ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀, tí wọ́n sì sọ ara wọn di òṣìṣẹ́ wa. Kí n tó débẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ti gbá iwájú ilé, wọ́n á ti to bẹ́ǹṣì. Bí mo bá ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n á ní, “Ṣé o ò rí i pé mo jókòó ni?” Wọ́n á wá fọ́ àgbọn, wọ́n á gé e fún mi, nítorí wọ́n ti ṣàkíyèsí pé n kì í jẹun àárọ̀. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. N kò sọ ọ́ sí wọn létí rí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ìyá ọmọ á jókòó níwájú mi, èmi á gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, inú á sì bí mi. Omi ti ba káàdì jẹ́. Ó ti yẹ kí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Màá ní, “Màmá, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ pa ọmọ yìí ni. Ẹ sọ fún un pé tó bá tún pẹ́ báyìí, kó má wulẹ̀ wá mọ́.” Màmá á mi orí, wọ́n á kọjú sí ìyá ọmọ, wọ́n á sì rọra máa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tiwọn máa ń gùn ju tèmi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Obìnrin náà á wojú Màmá, á wojú tèmi, nígbà mìíràn omi á lé sí i lójú. Tó bá fẹ́ máa lọ, á kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo bi Màmá lọ́jọ́ kan pé, “Ṣé gbogbo ohun tí mo sọ náà nìyẹn?”

Wọ́n ní, “Gbogbo ẹ̀ ni. Èdè wa ló máa ń gba àkókò.”

Mo gbà wọ́n gbọ́. Bẹ́ǹṣì wa ń kún, àwọn ìyá ń gbé ẹja wá fún mi, wọ́n sì ń tètè dé sí i. Nígbà tí àwa nọ́ọ̀sì bá pàdé ní Àgbádárìgì, èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn yòókù pé ẹ̀rín àrínjù ló ń ba iṣẹ́ tiwọn jẹ́, pé àwọn ìyá tèmi ń bẹ̀rù mi ni wọ́n ṣe ń gbọ́ràn. Mo máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga.

Màmá kú nígbà òjò tó kọjá, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ díẹ̀. Èrò tó wá sin wọ́n pọ̀ débi pé ọkọ̀ ojú omi kò rí ibi so mọ́ létí ọ̀sà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo ń ro ti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú. Mo bẹ tíṣà obìnrin kan ní Aradagun, ẹni tó gbọ́ Ègùn àti Yorùbá, pé kó máa wá bá mi túmọ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má fi kún ọ̀rọ̀ mi, kó má sì yọ nínú rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, bí mo ti wí gẹ́lẹ́ ló ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, bẹ́ǹṣì kan ṣófo. Nígbà tó fi máa di ìkẹrin, ìyá mẹ́ta péré ló wá. Inú kọ́kọ́ bí mi, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá ń bà mí. Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn tí kò wá, ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án, abẹ́rẹ́ èéyi ló kàn án. Èéyi sì ti wọ abúlé tó tẹ̀ lé tiwọn. Mo gun ọ̀kadà, mo gbé kúlà tó ń mú abẹ́rẹ́ tutù lé itan, mo ní kí ọlọ́kadà gbé mi lọ sílé ìyá rẹ̀.

Mo bá a níbi tó ti ń tún àwọ̀n ọkọ rẹ̀ ṣe. Ó dìde, ó kí mi, kò kúnlẹ̀.

Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ọmọ àti abẹ́rẹ́ fún un títí ó fi fi Yorùbá dá mi lóhùn. “Àǹtí, mo gbọ́. Ìjanikin ni mo ti ń tajà. Gbogbo wa la gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀.”

Mo bi í pé, “Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí mo ń sọ látẹ̀yìn wá?”

“À ń gbọ́. Màmá ló ní ká má fi ti ẹnu yín ṣe. Wọ́n ní ọmọ yín kan kú, pé ẹ̀rù pé tiwa náà lè kú ló ń mú yín pariwo. Bí ẹ bá ti bú wa tán, Màmá á rán wa létí, àánú yín á sì ṣe wá. Ti tíṣà yìí yàtọ̀. Tó bá dọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì là ń gbọ́ èébú, tiyín ní Yorùbá, tiẹ̀ ní Ègùn.”

Inú bí mi sí òkú Màmá, mi ò ní purọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún wọn, lọ́jọ́ tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá, tí wọ́n di ọwọ́ mi mú títí òjò fi dá. Àṣé gbogbo etí ọ̀sà ló ti gbọ́. Àṣé àwọn tí mo rò pé wọ́n ń bẹ̀rù mi, àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Ojú tì mí níwájú obìnrin náà débi pé n kò lè gbójú sókè. Ìgbà náà ni mo tó mọ iṣẹ́ tí Màmá ń bá mi ṣe.

Ó ní, “Àǹtí, ṣé òótọ́ ni? Àbí Màmá kàn fi ń bẹ̀ wá fún yín ni?”

Mo ní òótọ́ ni. Mo ní ọmọkùnrin ni, oṣù mẹ́wàá ló lò, èéyi ló mú un lọ. Ó ń wò mí, bí ẹni pé ó mọ̀ pé ó ṣì ku ibì kan. Mo sọ ibi tó kù fún un, èyí tí Màmá mọ̀ tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

“Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ àwọn ẹlòmíràn ni mo ń fún, mo ní tiwa lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi náà pẹ́.”

Ó wọlé lọ gbé ọmọ náà jáde, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.